Àtẹ ni kẹ́ ẹ tún ṣe kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àwòrán: àtúnṣe àwòrán ipò iSCSI

RFC 7143 tó jáde lọ́dún 2014 ni ìwé ìlànà iSCSI, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń lo dísìkì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ya ipò ìsopọ̀ iSCSI sí àwòrán méjì: ọ̀kan fún initiator (ẹ̀gbẹ́ tó ń béèrè), ọ̀kan fún target (ẹ̀gbẹ́ tó ní dísìkì). Ipò mẹ́jọ ló wà, láti S1 dé S8, àmọ́ méje péré ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò. XPT_WAIT (S2) jẹ́ ti initiator nìkan, XPT_UP (S3) sì jẹ́ ti target nìkan. Ẹni tó bá pa àwòrán méjèèjì pọ̀ torí kí iṣẹ́ lè dín kù, wàhálà ló ń dá sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í kúrò ní ipò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ìparí Login, ìyẹn ìjíròrò tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀. Gbàrà tí target bá ti fi Login Response ìkẹyìn ránṣẹ́, tí Status-Class rẹ̀ sì jẹ́ 0 (ìyẹn ni pé ó yọrí sí rere), ó ti wọ LOGGED_IN (S5) nìyẹn. Initiator ṣì wà ní IN_LOGIN (S4) títí èsì náà á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí TCP (ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé iSCSI) bá já láàárín yẹn, initiator á padà sí FREE (S1), target á sì bọ́ sí CLEANUP_WAIT (S8). Tó bá jẹ́ ìsopọ̀ àkọ́kọ́ nínú session (àjọṣe tó lè ní ju ìsopọ̀ kan lọ) ni, initiator ò tíì mọ TSIH, nọ́ńbà tí target fún session náà, torí inú èsì tó sọnù yẹn gan-an ló wà. Nítorí náà, ISID ti tẹ́lẹ̀ (nọ́ńbà tí initiator fúnra rẹ̀ fún session) àti TSIH 0 ló máa fi padà wá. Target gbọ́dọ̀ kà á sí session reinstatement: kó pa session àtijọ́, kó sì ṣí tuntun. Tí ọfà yìí (ìlà tó ń fi hàn bí a ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn) ò bá sí nínú àwòrán, ẹni tó ń kọ kóòdù lè mú kí target kọ̀ láti gba Login náà, tàbí kó fi session òkú sílẹ̀ lórí target.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àtẹ ló yẹ ká máa tún ṣe. Ẹ to ipò sí ìlà, ẹ to ìṣẹ̀lẹ̀ sí òpó. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ipò tó kàn, tàbí “kò lè ṣẹlẹ̀” pẹ̀lú ìdí rẹ̀, tàbí “àṣìṣe ìlànà” pẹ̀lú ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ má fi àpótí kankan sílẹ̀ lófìfo. Ẹ tọ́jú àtẹ náà sínú fáìlì CSV, kí Graphviz máa ya àwòrán látinú rẹ̀.

Orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe pàtó. “Login parí” ò tó. Ẹ sọ PDU (ìdì ìsọfúnni iSCSI) tó jẹ́, bóyá a fi í ránṣẹ́ ni tàbí a gbà á, àti iye tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìpele Login (CSG 0 àti 1, ìyẹn ìjíròrò lórí ààbò àti lórí ètò iṣẹ́) ò níṣẹ́ nínú àwòrán ńlá. Inú S4 ni wọ́n wà, ẹ ya tiwọn sọ́tọ̀.

Ọfà tó ń padà sí ipò tó ti jáde wá ni wọ́n sábà máa ń pa rẹ́, bíi pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Initiator lè ti fi Logout Request ránṣẹ́, kó ti wà ní IN_LOGOUT (S6), kí Async Message tí AsyncEvent rẹ̀ jẹ́ 1 (target ń ní kí initiator ṣe Logout) ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, torí pé àwọn méjèèjì kọjá ara wọn lọ́nà. Ṣe ló yẹ kó dúró sí S6. Bí ọfà yẹn ò bá sí, kóòdù á kà á sí àṣìṣe, á sì já ìsopọ̀ tó ń parí lọ́nà tó tọ́.

Gbogbo ipò tó ń retí ẹlòmíràn ló yẹ kó ní ọfà fún ìgbà tí àkókò bá tán. Ẹnikẹ́ni lè ṣí TCP sí port 3260 kó má sọ nǹkan kan. Láìsí aago, XPT_UP á di àyè rẹ̀ mú títí. Ní ti CLEANUP_WAIT, aago méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí a ò bá yí wọn padà, DefaultTime2Wait (àkókò ìdúró kí a tó tún sopọ̀) jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2, DefaultTime2Retain (àkókò tí target fi ń tọ́jú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀) sì jẹ́ 20, ẹ̀yìn tí ti àkọ́kọ́ bá parí ni ìkejì ń bẹ̀rẹ̀. Tí Time2Retain bá jẹ́ 0, ojú ẹsẹ̀ ni target ń da iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nù. Gbígbé iṣẹ́ náà sórí ìsopọ̀ mìíràn sì ń béèrè ErrorRecoveryLevel (ìpele àtúnṣe àṣìṣe) 2, ẹ kọ ọ́ sára ọfà rẹ̀.

Bí ẹ bá yọ ọfà kan kúrò, ẹ má fún òmíràn ní nọ́ńbà T rẹ̀ (T1, T2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí RFC fi ń pe ọfà kọ̀ọ̀kan). Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà yẹn ti wà nínú log, nínú tẹ́ẹ̀sì àti nínú kóòdù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ script kékeré kan tó ń wò ó bóyá a lè ti S1 dé gbogbo ipò, àti bóyá gbogbo ipò lè padà sí S1. Ẹ wá fi Wireshark (ètò tó ń gba ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀) gba Login kan, Logout kan àti TCP tó já lójijì, kẹ́ ẹ sì máa tọ àpótí tí PDU kọ̀ọ̀kan bọ́ sí nínú àtẹ. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń yẹ iṣẹ́ yín wò, ìyàtọ̀ tó wà nínú CSV ni kẹ́ ẹ fi hàn án, torí nínú àwòrán, ọfà kan lè pòórá kí ojú má rí i.