Fáànù ń yí, omi ń hó

Ẹni tó bá rí mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, tí gbogbo fèrèsé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, tí mo sì tan hítà dé ìpẹ̀kun, á ní orí mi ti yí. Orí mi ò yí o. Ọkọ̀ Peugeot 504 bàbá mi ló ń gbóná. Hítà ọkọ̀, rédíétọ̀ kékeré náà ni: omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá tàn án, díẹ̀ nínú ooru tí ì bá pa ẹ́ńjìnnì á wá máa pa ẹ̀yin. Mo fara mọ́ ọn. Aṣọ mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ géèjì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Jos ni wọ́n bí mi sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí òwò gbé òbí wọn dé òkè ọ̀hún. Iṣẹ́ ló gbé èmi wá sí Àbújá. Kàdúná ni wọ́n ti to ọkọ̀ yìí, ní PAN, iléeṣẹ́ Peugeot ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní 1975. Bàbá mi ra tiwọn ní 1984, wọ́n sì wà á títí ojú wọn fi di bàìbàì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, "Má jẹ́ kómi ẹ̀ tán" nìkan ni wọ́n wí.

Omi ò tán. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, á kún. Tí mo bá já Keffi sílẹ̀ tí mo dojú kọ Akwanga, tí mo ń sá 90, abẹ́rẹ́ á jókòó sáàárín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àmọ́ kí n sáà há sí Mararaba, tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gun Hawan Kibo, òkè tó wà lójú ọ̀nà Jos, ó di inú pupa. Ó yẹ kí n ti fura. Tó bá jẹ́ pé inú rédíétọ̀ ló dí, orí eré ló yẹ kó ti máa gbóná jù. Ọkọ̀ tó tutù lórí eré, tó wá ń gbóná nígbà tó bá ń rákò, atẹ́gùn ni kò rí. Ṣùgbọ́n ẹnu mẹkáníìkì ni mò ń wò nígbà yẹn.

Ẹni àkọ́kọ́, ní Apo, wo ọkọ̀ náà fún bíi ìṣẹ́jú méjì, ó ní rédíétọ̀ ti kú. ₦95,000. Ó yọ ti àtijọ́, ó gbé tuntun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà sí i. Mo ní kó bá mi gbé èyí tó yọ sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e. Ẹnì kejì tú thermostat, ó sọ ọ́ sínú garawa: "Màdáámú, ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe eléyìí fún." Inú tèyí ló bí mi jù. Ilẹ̀kùn ni thermostat, á tì pa títí omi á fi gbóná tó, lẹ́yìn náà á ṣí. Nígbà tí kò sí mọ́, ọkọ̀ ń pẹ́ kó tó móoru láàárọ̀, ó ń mu epo bí ẹni mumi, ó sì tún ń hó lọ́sàn-án. Ẹnì kẹta ní gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, ti jó, ó fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì lórí. Àmọ́ mi ò rí àmì ẹ̀: omi ò wọnú ọ́ìlì, èéfín ò funfun. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Mo pe bàbá mi. "Ṣé o máa ń gbọ́ igbe ẹ̀?" ni wọ́n bi mí. Mo rò pé sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń sọ. Mo ní rárá, sà, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní "Hẹn-ẹn." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Àbúrò mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì sọ pé òkè ló ń bá mi jà. Kò parọ́. Jos ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, omi inú ìkòkò ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C dípò 100. Ẹ bi àwọn tó ń se ẹ̀wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, kì í gbé ooru lọ bíi ti ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì alákabùrétọ̀ sì ń pàdánù bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ fún 1,000 mítà tó bá gùn. Ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, jíà kejì, 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ wà fún irú ìyẹn: èyí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí ń há omi mọ́lẹ̀ débi pé ní Jos pàápàá, ó máa kọjá 115 kó tó hó. Mo wo tèmi, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ bí awọ pọ̀nmọ́. Mo pààrọ̀ ìdérí. Omi ò tú dànù mọ́, abẹ́rẹ́ ò yéé gòkè.

Ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e, Hawan Kibo tún dá mi dúró. Àwọn ọmọ kan sáré dé pẹ̀lú jálá, "Hajiya, ruwa!", wọ́n fẹ́ da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì. Mo fi ara dínà. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Omi tútù lè mú kí orí yẹn tẹ̀ tàbí kó sán. Mo jókòó sórí òkúta títí mo fi lè di ìdérí mú láìjóná. Mo rọ omi, mo tanná, mo dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù ń yí. Mo mú ọ̀rá pure water tó ti ṣófo, mo fi lé ojú rédíétọ̀ níwájú, níbi tó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra. Ọ̀rá já bọ́. Mo tún fi lé e. Ó tún já bọ́. Ìgbà yẹn ni igbe tí bàbá mi bèèrè wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí ọkọ̀ yìí bá dúró pẹ́ níwájú ilé, á ṣàdédé ké gbùùù, àwọn adìyẹ á sì tú ká. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn?

Mo rọra wọ́ ọ dé Bukuru, lọ́dọ̀ oníwáyà kan, ará Ọ̀fà. Ó ní, "Fáànù yìí kì í ṣe ti bẹ́líìtì nìkan o, Màdáámú. Òòfà ló ń gbá a mú." Tí omi bá gbóná tó, swíìṣì ara rédíétọ̀ á fi iná ránṣẹ́, iná á gba ara kábọ́ọ̀nù kékeré kan wọ ìdí pọ́ńpù omi, òòfà á mú fáànù ṣinṣin. Tí kò bá mú un, fáànù á ṣì máa yí, àmọ́ bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun rán níṣẹ́ ni. Ìyẹn ni mẹkáníìkì mẹ́ta wò tí wọ́n ní ó ń yí. Ó fa kábọ́ọ̀nù náà yọ: kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́. Ó wá kábọ́ọ̀nù alternator àlòkù kan, ó ń ha á lórí sìmẹ́ńtì, ó ń wọ̀n ọ́n wò, ó tún ń ha á, títí ó fi wọlé. Ó fi wáyà kàn án láti ara bátìrì. Gbà! Gbùùù! Ọ̀rá pure water lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. ₦5,000.

Ó ní ká kúkú fún skúrù mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ pa, kí fáànù máa mú títí ayé. Mo kọ̀. Òtútù Jos láàárọ̀ ọyẹ́ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, owó epo mi náà ò fẹ́ ẹ. Àmọ́ mo ní kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, tórí bí kábọ́ọ̀nù bá tún kú lójú ọ̀nà. Sípánà rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ báyìí.

Nígbà tí mo dé iwájú ilé, mi ò pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú wọn ò ríran débi tí mo wà. Nígbà tó ké, wọ́n gbé orí sókè. "Ta ló bá ọ pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù ẹ̀?"

Mo padà sí Àbújá, mo lọ sí Apo láti gba rédíétọ̀ àtijọ́ tí kò ní àrùn kankan. Mẹkáníìkì náà ní baban bola, àwọn tó ń kó irin àlòkù kiri, ti gbé e lọ láti ọjọ́ kejì. Ojúlówó bàbà ni gbogbo inú rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún bàbá mi.