Funfun lójú ọ̀nà Àgbádárìgì: láti àtẹ lẹ́kùlẹ́jà dé iyanrìn Gberefu

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì ní Mile 2, ẹ ra ìgò fínígà kékeré kan, ẹ gé páálí dúdú tó tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì kó ike omi kan, bébà funfun kan àti ọ̀rá mélòó kan dání. Ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí ló máa jẹ́ kí ẹ dá oríṣi funfun tí ayàwòrán àti amọ̀kòkò ń lò mọ̀ kí owó tó jáde lápò. Ẹ tètè kúrò nílé. Ọ̀nà yẹn kò ṣeé fọkàn tán tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Sèmè bá ti pọ̀, oòrùn àárọ̀ sì ni iṣẹ́ etí òkun ń fẹ́.

Ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ béèrè àtẹ àwọn lẹ́kùlẹ́jà. Níbẹ̀ ni ẹfun máa ń wà ní ìṣù-ìṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ osùn àti kán-ún. Ẹ kí ìyá tó ni àtẹ dáadáa, kí ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ọnà lẹ fẹ́ fi ṣe, torí ọ̀pọ̀ tó ń rà á, nítorí Ọbàtálá ni wọ́n ṣe ń rà á, àwọn Ògù (Ẹ̀gùn) náà sì ń fi í ṣe orò tiwọn. Bí ìyá bá ti mọ ohun tí ẹ ń wá, á jẹ́ kí ẹ fọ́ ẹyọ kan wò.

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ló lè máa jẹ́ ẹfun lórí àtẹ kan náà. Ọ̀kan ni kaolin, amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì, ní Kankara ní ìpínlẹ̀ Katsina, ní Ozubulu ní Anambra, àti láwọn ibòmíràn. Èkejì jẹ́ ìbátan ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn calcium carbonate. Ẹ kán fínígà sí i. Bó bá hó, ti calcium ni. Bó bá kàn fa omi náà mu láìhó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kaolin. Àwọn kan máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ ọ́n, torí kaolin máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ti rí òjé nínú irú àwọn ẹfun jíjẹ báyìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun náà fa ìlà sórí páálí dúdú, kí ẹ fi omi tọ́ ìdajì ìlà náà. Ibi tó tutù yóò ṣú di àwọ̀ eérú. Bó bá gbẹ, yóò funfun padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú horo ẹfun, tó tún ń jáde, ló ń fọ́n ká tí a fi ń rí funfun. Bí agbára ẹfun àti ti ohun tó yí i ká láti tẹ ìmọ́lẹ̀ bá ṣe jìnnà síra tó ni funfun náà ṣe máa le tó. Ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, ti omi 1.33, ti òróró linseed tí àwọn ayàwòrán fi ń po ọ̀dà bíi 1.48, ti kaolin bíi 1.56. Ti zinc oxide tó 2, ti titanium dioxide sì kọjá 2.5; ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀dà rírà ni méjèèjì. Ẹni tó bá wá po ẹfun mọ́ òróró, á rí i pé funfun ti sá lọ: ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa hàn, kò sì ní padà, torí òróró kì í gbẹ kúrò bí omi. Nínú gúlùù tàbí akírílíìkì, ọ̀dà tí a ń fi omi là, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Omi á lọ, afẹ́fẹ́ á wọlé, funfun á yọ. Ìdí nìyẹn tí ẹfun fi dára lára ògiri àti igi láti ayébáyé, tó sì ń já ayàwòrán olóròóró kulẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa pèsè rẹ̀ rèé. Ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi òjò di ọjọ́ kejì. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí iyanrìn lè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì da omi funfun tó wà lókè gba inú asẹ́ tó ní ojú 80 nínú íǹṣì kan tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, ẹ yọ omi kúrò lórí rẹ̀, ẹ sá ìyókù. Fún káńfáàsì tàbí pátákó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ẹfun mẹ́ta sí gúlùù funfun káfíńtà ìwọ̀n kan, kí ẹ fi omi là á. Bó bá gbẹ tí ẹ fìka nù ún tó ń bọ́ sọ́wọ́, gúlùù kéré. Bó bá ń dán tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú, gúlùù ti pọ̀ jù. Ẹ kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkan gbẹ kí ìkan tó lé e. Kíkùn kan tó nípọn yóò sán. Létí òkun, ẹ fún un lákòókò ju ti ibòmíràn lọ, torí ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Gúlùù tí a fi awọ ẹran sè máa ń bu fún wa. A ò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Piero Manzoni, ayàwòrán kan ní Milan ní Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo kaolin báyìí láti 1957: ó rẹ káńfáàsì tó ti ká jọ nínú rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ìṣẹ́po aṣọ náà sì di àwòrán. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí àwọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, aṣọ tinrin ni kó lò. Aṣọ tó nípọn kò ní di ìṣẹ́po náà mú nígbà tó bá wúwo fún omi.

Láti ọjà, ẹ rìn lọ sí Marina. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Arìnrìn-àjò á wo fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò náà. Ìyẹ̀fun funfun tó ń hu níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Iyọ̀ ni: omi ń gun ògiri láti ilẹ̀, ó ń gbẹ lójú rẹ̀, iyọ̀ ń dúró. Irú rẹ̀ máa ń jáde lára ìkòkò tí wọ́n fi omi ọ̀sà po amọ̀ rẹ̀, yóò sì ba omi amọ̀ aláwọ̀ tí wọ́n kùn lé e jẹ́. Omi òjò ni kí ẹ lò. Àwọn kan ń fi barium carbonate díẹ̀ sínú amọ̀ láti dá a dúró. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n májèlé ni, a ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún ilé tí ọmọdé wà.

Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ènìyàn kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ẹ wọ ẹ̀wù ààbò, kí ẹ fi ọ̀rá di ìyẹ̀fun yín. Ọ̀nà iyanrìn ni ẹ máa rìn gba ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ lọ. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó yọ bébà yín.

Ní iwájú òkun, ẹ gbé bébà tó funfun jù lọ sábẹ́ ìbòòji igi àgbọn, kí ẹ wo iyanrìn tó wà nínú oòrùn. Iyanrìn ló máa mọ́lẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà ló funfun. Kò sí ọ̀dà tó lè mú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ohun tí a lè yà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín funfun kan àti èkejì. Ẹ wo òjìji tí igi jù sórí iyanrìn láàárọ̀: ó fẹ́ di búlúù, torí sánmà nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Níbi tí oòrùn ti bà á, ó pọ́n díẹ̀. Ohun kan náà ló wà nínú àwòrán tí ayàwòrán Kazimir Malevich ṣe ní 1918, tó wà ní ilé ọnà MoMA ní New York: onígun mẹ́rin funfun tó tutù, ìyẹn tó fà sí búlúù, ó dagun lórí funfun tó gbóná jù ú lọ. Bí ẹ bá sọ méjèèjì di ọ̀kan náà, àwòrán náà parẹ́.

Fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, titanium ni ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ fi ochre, ìyẹ̀fun amọ̀ aláwọ̀, tó tó orí abẹ́rẹ́ sínú ṣíbí kan láti mú un gbóná. Zinc ni kí ẹ fi ṣe èyí tó tutù. Ó mọ́, ohun abẹ́ rẹ̀ sì ń hàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òróró, zinc máa ń gan tó bá pẹ́, ó sì máa ń sán, nítorí náà akírílíìkì ló dára fún un. Funfun òjé rọ̀, ó ń gbẹ kánkán, àwọn àgbà ayàwòrán sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kò yẹ ní yàrá tí a ti ń jẹun. Robert Rauschenberg, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, lo ọ̀dà ilé funfun lásán ní 1951, ó sì jẹ́ kí òjìji àwọn tó ń wò ó bọ́ sórí káńfáàsì. Lójú tiwa, ẹni tó ní titanium kan ṣoṣo tó sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gígan ya ojú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sàn ju ẹni tó ra oríṣi mẹ́fà lọ. Dídán àti àìdán ń ṣe ju àwọ̀ lọ níbi tí gílóòbù kan bá ń tàn.

Ẹ wo ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú: ìkarahun fọ́ sínú iyanrìn yẹn. Amọ̀kòkò tó bá bu iyanrìn etí òkun sínú amọ̀ rẹ̀ ti kó wàhálà wọlé. Nígbà tí iná bá kọjá 800°C, ìkarahun á di calcium oxide. Ìkòkò á jáde láti inú ààrò láìní àléébù. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, horo náà á fa omi inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì ti ègé kékeré kan jábọ́ lójú ìkòkò, tí ẹ ó fi rí ẹyọ funfun kan nínú ihò náà. Fínígà tí ẹ kó wá á sọ fún yín ṣáájú. Ohun kan náà ló ń ṣe ẹfun oní-calcium tí wọ́n kó wọ inú omi amọ̀ láìlọ̀ ọ́ kúnná, nínú ìkòkò tí iná rẹ̀ kò ga.

Omi amọ̀ funfun fún amọ̀ pupa, tí yóò jóná ní 1100°C sókè: kaolin 500 gíráàmù, ball clay (amọ̀ tó rọ̀ tó sì ń fà) 250, feldspar (òkúta lílọ̀ tó ń yọ́ nínú iná) 150, quartz (òkúta tí iyanrìn ti ń wá, tí a lọ̀ kúnná) 100. Ẹ pò ó bí ògì tí wọ́n fẹ́ dà sómi gbígbóná, kí ẹ sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ìkòkò bá ti le tó ṣeé gbé tí kò sì tíì gbẹ ni kí ẹ kùn ún. Bí ìkòkò bá ti gbẹ, omi amọ̀ á sún kì sí i lára, á bó. Bí kíkùn bá tinrin jù, irin inú amọ̀ pupa á gba inú rẹ̀ yọ, á sì di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Àwa a máa fẹ́ràn ìyẹn nígbà mìíràn. Kaolin nìkan kò ní lẹ̀ nínú iná ìta gbangba tí kò tó 900°C, àfi kí ẹ fi òkúta dídán ra á mọ́ ojú ìkòkò. Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó dara pọ̀ mọ́ ilé ìkòkò òyìnbó amọ̀kòkò Michael Cardew ní Suleja ní 1954, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, gba ọ̀nà mìíràn: ó fín ẹranko sára ìkòkò, funfun sì wọ inú ìlà náà nìkan. Iṣẹ́ díẹ̀ ni ẹfun ń ṣe, ojú sì rí i.

Èyí tó fẹ́ fi gílésì, ìbòrí tó ń di bíi dígí nínú iná, bò ó: tin oxide láàárín 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń fún un ní funfun tó rọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Zirconium rọ̀ jù lówó, àmọ́ ó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, funfun rẹ̀ sì le. Ẹ má ṣe gbé gílésì aláwọ̀ ewé tó ní chrome sínú ààrò kan náà pẹ̀lú ti tin. Èéfín chrome á sọ funfun yín di àwọ̀ òdòdó, nígbà mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó kọjú sí i.

Ẹ kó ìyẹ̀fun yín padà ní tútù, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì. Eruku kaolin àti quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ẹ má gbá ilẹ̀ yàrá tí ẹ ti lọ̀ ọ́; aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ọkọ̀ ojú omi kì í pọ̀ mọ́ tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ padà sí Marina kí oòrùn tó wọ̀.