Àpá ojú ike

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbàdàn

Ọyẹ́ ò jẹ́ kí n jáde. Mo gbé aago ọwọ́ bàbá mi jókòó, èyí tó ti pẹ́, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ike akiríìkì. Àpá ti bo ike náà débi pé èèyàn ní láti yí i síbi ìmọ́lẹ̀ kó tó mọ aago mélòó ló lù. Ọṣẹ ìfọyín funfun bín-ín-tín, aṣọ òwú rírọ̀ tí omi wà lára rẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á yípo yípo. Kí ọbẹ̀ tó jinná, àwọn ìlà kéékèèké ti parẹ́. Èyí tó jìn, tí èékánná máa ń kọ́, kò lọ. Sáńpépà nọ́ńbà 2000, èyí tó kúnná gan-an, pẹ̀lú omi nìyẹn ń fẹ́, mi ò ráyè ẹ̀ lónìí.

Màmá onílé wa rí bó ṣe ń dán, kíá ni wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ọmọ mi, bá mi fọwọ́ kan tèmi náà."

"Màmá, ẹ má bínú, tiyín ò gba irú èyí."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ahun.

Ọṣẹ ìfọyín kì í dí àpá. Ìyẹ̀fun tó le ló wà nínú rẹ̀, ike ló sì ń họ: ẹni tí kò rí iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò ló wá ń gé ilẹ̀ àyíká rẹ̀ wálẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba. Lójú aago, kò sí wàhálà. Ike yẹn kò níṣẹ́ ju kó bo ọwọ́ aago lọ. Ṣùgbọ́n ní ti awò ojú, bí ojú lẹ́ńsì ṣe tẹ̀ ni agbára rẹ̀. Bá a bá ra apá kan ju èkejì lọ, nọ́ńbà tí dókítà kọ ti yẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì òde òní tún ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, òmíràn ń dènà àpá, òmíràn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn padà lójú rẹ̀. Ọṣẹ á ṣí wọn níbì kan, á fi wọ́n sílẹ̀ níbòmíràn, ojú á wá máa rí bàìbàì. (Àwọn tó ń fọ ojú iná ọkọ̀ létí títì mọ̀ ọ́n: ó dán lónìí, kò pẹ́ ó tún pọ́n, torí awọ tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn ti bá sáńpépà lọ.)

Nítorí pé ike fúyẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe fi lẹ́ńsì gíláàsì sílẹ̀. CR-39, irú ike kan tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ńsì, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1940, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì fúyẹ́ ju gíláàsì lọ. Polycarbonate, irú ike lẹ́ńsì mìíràn, kì í fọ́ bọ̀rọ̀, àmọ́ ó tún rọ̀ ju CR-39. Láìsí awọ, àpá á bò ó.

Ìṣẹ́tí ìró tí Màmá fi ń nu awò ojú wọn ni mo ń wò ní tèmi. Ibẹ̀ ni àpá ti ń wá. Nínú eruku ọyẹ́ tó ń gbéra láti ilẹ̀ aṣálẹ̀ Bodélé ní Chad, yanrìn lẹ́búlẹ́bú wà níbẹ̀ tó le ju gíláàsì gan-an lọ, òun ni wọ́n sì ń nù mọ́ lẹ́ńsì ní gbígbẹ láràárọ̀. Mo kọ́kọ́ da omi tútù sí i kí eruku ṣàn lọ, mo kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i díẹ̀, mo fi ìka fọ̀ ọ́, mo fi aṣọ òwú tó mọ́ nù ún gbẹ. Omi gbígbóná ò dáa fún un. Awọ yẹn lè sán.

Wọ́n gbé e wọ̀. "Ó mọ́ o, ṣùgbọ́n àpá ṣì wà."

"Kò ní lọ, Màmá. Férémù yìí ṣì dáa, lẹ́ńsì nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ní awọ tó ń dènà àpá kẹ́ ẹ tó sanwó."

"Èló ni?"

Mo ní ká jọ lọ béèrè lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kò burú, bó bá ṣe pé èmi ni màá sanwó ọkọ̀.