Iwin olórí mẹ́ta

Eré tí mò ń darí lórí Telegram fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí lánàá. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí ohùn, ọ̀rọ̀ nìkan la fi ń ṣe é. Èmi á kọ ohun tí ojú rí nínú igbó, àwọn mẹ́rin tó ń ṣe ọdẹ nínú eré náà á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì inú Telegram á sọ bóyá ó yọrí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi múra ìjà iwin yìí sílẹ̀, títí dórí bí yóò ṣe bú ramúramù. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn, àbúrò wa kan, aránṣọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣe kọ ọ́ pé: "Mo kúnlẹ̀, mo kí bàbá. Mo bi wọ́n pé èwo nínú orí wọn ni kí n bá sọ̀rọ̀."

Háà! Mo ní kó ta dáìsì. Mẹ́fà gbáko!

Ìgbà yẹn gan-an niná lọ, bátìrì mi sì ti ń kú lọ. Mo sáré tẹ̀ ẹ́: "Orí àárín ní, 'Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi gbẹ̀yìn. Jókòó, ọmọ mi.'" Fóònù kú.

Nígbà tí mo fi máa tàn án láàárọ̀, orí ọ̀tún àti orí òsì ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ jẹun, àwọn ọdẹ ti di onílàjà! Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má gba ẹnu iwin sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjà tí mo kọ ṣì wà nílẹ̀ o, ta ló fẹ́ rà á?