Máàpù tí ojú mi lè kà

Mo ti ra máàpù bébà o! Èmi tí fóònù nìkan ni mo ń gbójú lé tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Winchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a gba South Downs Way, ọ̀nà orí òkè tó lọ bíi 160 kìlómítà dé Eastbourne. Òjò wínníwínní bá bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ti kán sójú fóònù tí mo dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ńṣe ni àwòrán á sún lọ bí ẹni pé ìka ló tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ náà rí wínníwínní. Kí n tó gbójú sókè, a ti yà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí.

"Sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi." Ẹ̀gbọ́n fa máàpù Explorer ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, yọ, wọ́n ká a títí ó fi kù bí ìwé kékeré. Sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ ni kìlómítà 1. Wọ́n fi ìka tọ ìlà aláwọ̀ ewé: èyí tó gé kúkúrú, ti ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó gé gígùn, ti ẹlẹ́ṣin, òfin sì ti gba kẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀ láti 1968. Landranger, oríṣi máàpù Ordnance Survey mìíràn, dára fún ìrìn títì tó jìn, àmọ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ló fún kìlómítà kan, kò sì fi ààlà oko hàn. Explorer ni tèmi, ẹ jọ̀ọ́.

A padà sẹ́yìn. Lára òpó géètì, ọfà aláwọ̀ búlúù, àmì ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ń dúró dè wá, ibi tí máàpù ní ó wà gẹ́lẹ́.