Tẹ́sítà Tàn Mí Jẹ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Bátìrì Lithium Oko Wa ní Kétu

Ẹni tó bá mọ Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ̀ pé bí èèyàn bá ti kúrò nígboro tó wọ ọ̀nà oko, iná ìjọba dópin nìyẹn. Ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́ sí oko wa kò rí òpó iná rí. Bátìrì olómi méjì, 200 ámpù-wákàtí (Ah) ọ̀kọ̀ọ̀kan, la kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì. Wọn ò pé ọdún méjì tí wọ́n fi kú, ẹ̀bi wa sì ni. Bátìrì olómi kì í fẹ́ kí wọ́n lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, àwa sì ń fá a gbẹ ní alaalẹ́ bí ẹni ń fá ìkòkò ọbẹ̀.

Ni mo bá ní lithium ni n óò lò, ọwọ́ ara mi ni n óò sì fi tò ó. Mo ra sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n ń tò pọ̀ di bátìrì, ti ẹ̀yà lithium tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 280 ámpù-wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóòtì (agbára tó ń ti iná) 3.2 ni ti ẹyọ kan. Bí ẹ bá so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀lé ara wọn, ó di 25.6. Àwọn kan ń ta lithium tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yà mìíràn nìyẹn, ó ń kún dé fóòtì 4.2, ó sì yá a láti gbiná ju èyí lọ. N kò fẹ́ ẹ nínú ilé tí ìyá mi ń sùn.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì dé, mo fi tẹ́sítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka fóòtì, wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 3.29, 3.29, 3.30, 3.29. Mo ní ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn! Mo tò wọ́n, mo de nọ́ọ̀tì, mo so BMS mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó sì ń gé iná bí ọ̀kan bá kọjá ààlà.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà dé. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀, oòrùn mú ganrínganrín, BMS gé iná tó ń wọ bátìrì. Kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sí bátìrì, ń kọ 27.2, kò tíì dé ibi tí mo fi í sí. Nígbà tó fi máa di ìdájí, òkùnkùn ti ṣú sí wa nínú ilé. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Mo ti ń ka owó láti lọ Kútọnu lọ ra BMS tuntun, àfi ìgbà tí àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n gan-an nígbà tó bá gé e.” A wọ̀n ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kẹfà ti dé 3.65, ó ti kún dé ẹnu. Àwọn méje tó kù wà ní nǹkan bí 3.36, ebi ṣì ń pa wọ́n. BMS kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí tẹ́sítà ti mú mi. Fóòtì LiFePO4 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bó kún dé ìdajì, bó sì kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bákan náà ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Bí ẹni ń wo ẹ̀yìn kèrègbè láti mọ iye ẹmu inú rẹ̀ ni. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kún nìkan ni nọ́ńbà máa ń fò sókè, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti ń jáde. BMS tèmi ń gbìyànjú láti mú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n iná tó ń tú dànù lára èyí tó kún kò tó ámpù kan. Ó lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó má parí rẹ̀.

A tú gbogbo rẹ̀. Mo gbé wọn wálé nígboro, mo so rere (+) pọ̀ mọ́ rere, òdì (-) pọ̀ mọ́ òdì, kí gbogbo wọn lè jọ kún dọ́gba, mo sì ti ẹ̀rọ tó ń fúnni ní ámpù mẹ́wàá bọ̀ ọ́, mo fi í sí 3.65 kí n tó so ó. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, nọ́ńbà kò kúrò lójú kan. Ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú ni mo wá ṣe: mẹ́jọ lọ́nà 280 jẹ́ 2,240 ámpù-wákàtí. Bí ìdajì bá ṣófo, ámpù mẹ́wàá yóò lo nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú BMS, kí oòrùn fi ámpù 40 kún wọn títí èyí àkọ́kọ́ yóò fi kún, kí ẹ tó wá tú wọn so pọ̀ fún ìyókù. Wákàtí díẹ̀ ni ti oòrùn. Bó bá sì ń pẹ́, ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ yẹn kọjá 3.65. Sùúrù kò tó mi, mo fẹ́ dán an wò, àbúrò mi ló gbá ọwọ́ mi dànù.

Sípánà ńkọ́? Ọjọ́ tí a tún ń tò ó, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dábùú irin rere àti òdì. Iná funfun bú jáde pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí wọ́n bá yin ìbọn ọdẹ. Àmì rẹ̀ wà lẹ́nu sípánà náà títí di òní, ihò kan tí ọmọ ìka lè wọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo sípánà mi ni mo fi téèpù dì, ẹnu nìkan ni mo ṣí sílẹ̀, mo sì máa ń bọ́ òrùka ìgbéyàwó kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìtàn sípánà.

Nọ́ọ̀tì náà, ẹ má fi agbára ọkùnrin dè é. Aluminiọ̀mù rírọ̀ ni ihò tó ń wọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. Mo fa ọ̀kan ya. Èyí tó sì dẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n bí iná bá ń kọjá: ó máa ń gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Fíúsì tó jẹ́ ti DC, irú iná tí bátìrì ń mú wá, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi í sẹ́bàá irin rere. Èyí tí wọ́n ń lò fún iná ilé kò lè pa iná DC ńlá, iná yẹn á kàn máa jó lọ nínú rẹ̀ ni. Nínú kọ̀ntírólà, mo fi kíkún sí 28.4, mo sì pa ètò “equalize”, èyí tó ń ti fóòtì sókè láti mú bátìrì dọ́gba, pátápátá. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣe é fún. Fóòtì rẹ̀ ga ju ohun tí lithium lè gbà lọ.

Ooru ló kù. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, lábẹ́ páànù, ni mo kọ́kọ́ gbé àpótí náà tì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, BMS gé e nítorí ooru. Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Ibi tí a ń kó iṣu pamọ́ sí nínú yàrá, ṣé kò tó o?” Ibẹ̀ ló wà báyìí, lórí pákó, láàárín ògiri amọ̀ méjì, pẹ̀lú àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Iṣu ti kó lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Sẹ́ẹ̀lì kẹfà ṣì ń yá ju àwọn tó kù lọ. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nọ́ńbà wọn sí nígbà tó bá ń kún. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó wà ní 3.56, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní 3.54.