Kí Ẹ Tó So Bẹ́líìtì Dúdú Yẹn Mọ́ Ìdí

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú oríire. Méjì nínú yín gba shodan lóṣù yìí, ìyẹn ipele àkọ́kọ́ bẹ́líìtì dúdú nínú karate. Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ láti bẹ́líìtì funfun títí dé dúdú, ní Ṣágámù níbí, nínú họ́ọ̀lù tí a máa ń gbá fúnra wa kí a tó wọ gi, aṣọ karate wa. Inú mi dùn, mo sì ń fi yín yangàn. Ẹ jẹ́ kí n yangàn, ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀kan nínú àwọn bẹ́líìtì búráùn wa lu ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ karate lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀, kò sì fi orí kanlẹ̀ nígbà tí a tò láti tẹríba. Nígbà tí mo bi ẹni tó lù ú, ó ní, "Àǹtí Sensei, mo kàn fẹ́ kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ ni." Olùkọ́ ni Sensei túmọ̀ sí. Mo ti lọ bá àwọn òbí ọmọ náà nílé, mo ti fi ọwọ́ òsì bá ẹni tó lù ú wí, mo sì ti fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìyẹn ti parí. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé mo wo ojú ẹ̀yin yòókù, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú yín kò rí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn. Mo fẹ́ to àwọn ẹ̀kọ́ náà lẹ́yọ lẹ́yọ kí ó lè rọrùn láti rántí.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ibi tí agbára ti ń wá náà ni ìdádúró ti ń wá. Ẹ ti mọ gyaku-zuki, ẹ̀ṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀yìn ń jù: gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, ìbàdí yí, èjìká tẹ̀lé e, ẹ̀ṣẹ́ ló ń dé gbẹ̀yìn, ọwọ́ kejì sì ń padà wá sí ìhà. N kò ní tún ìyẹn sọ. Ṣùgbọ́n mo ń wo bí ẹ ṣe ń dá ẹ̀ṣẹ́ dúró, iṣan apá nìkan ni ẹ fi ń fà á padà. Ẹ̀ṣẹ́ tí apá nìkan fà padà, bí kò bá pẹ́ jù, á jẹ́ pé kò ní ohunkóhun nínú tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èjìká rọ̀ títí di ìgbà tó kẹ́yìn, kí gbogbo ara wá le lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú èémí. Kime nìyẹn. Bí ẹ bá fi kime sí ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú yín, ibẹ̀ ni agbára máa parí sí. Bí ẹ bá fi í sí iwájú imú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Agbára kan náà ni. Dídá ẹ̀ṣẹ́ dúró kí ó tó kan ara ni àwọn ará Japan ń pè ní sundome. Ẹni tí kò lè yan ibi tí agbára rẹ̀ máa parí sí, kì í ṣe òun ló ni agbára yẹn.

Ẹ fi òwú gbé bébà kọ́, kí ẹ jù ú lẹ́ṣẹ̀ẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ nìkan ló máa mì í. Lẹ́yìn náà, àyà gi ọ̀rẹ́ yín: ẹ kan aṣọ, ẹ má kan ara. Kí ẹ tún un ṣe ní ìparí kíláàsì nígbà tó ti rẹ̀ yín, nítorí bí ó bá ti rẹ ènìyàn, ìkápá ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé nínú kihon ippon kumite, ìyẹn ìjà ìdánrawò ẹni méjì tí a ti ṣètò, ẹ ń kéde kí ẹ tó gbéjà wá. "Jodan!" túmọ̀ sí pé orí ni mò ń bọ̀ wá bá. Ẹ̀jẹ́ ni ìkéde yẹn láàárín ẹni méjì. Bí wọ́n bá sì ti pe "Yame!", ìyẹn "Ẹ dúró!", ẹ̀ṣẹ́ tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti di ìjà ìgboro. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Tareg Hamedi ọmọ Saudi Arabia ń fi àmì 4 sí 1 lé Sajad Ganjzadeh ti Iran níwájú ní àṣekágbá àwọn tó wúwo ju kílò 75 lọ. Ó ta á nípàá sókè, ìpá náà wọlé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ọmọ Iran ṣubú, kò mọ ibi tó wà mọ́. Àwọn adájọ́ lé ọmọ Saudi kúrò nínú ìdíje, ẹni tí wọ́n fi ibùsùn aláìsàn gbé jáde ló gba wúrà. Ó dun ọmọ Saudi náà, ó sì ṣe mí láàánú, nítorí ó mọ karate gan-an. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ ìtẹríba. Èyí kò ní ṣeé tò bí àwọn ti òkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ilé mùsùlùmí sì ni ilé wa. Ìyá mi ń ta gààrí ní ọjà Òkè-Ajé, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ títí di òní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ karate, mo sọ fún olùkọ́ wa pé ìforíkanlẹ̀ ti Ọlọ́run nìkan ni, mi ò lè ṣe é níwájú àwòrán. Àwòrán Gichin Funakoshi ni, ọmọ Okinawa tó gbé karate lọ sí Tokyo ní 1922. Olùkọ́ wa kò bá mi jà. Ó ní kí n jókòó ní seiza, ìyẹn kí n kúnlẹ̀ kí n jókòó lé gìgísẹ̀, kí n gbé ọwọ́ lé itan, kí n tẹ ọrùn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi gba búráùn. Kò sí ẹni tó rí i bí àrífín, kò sì sí ohun tó bàjẹ́.

Ìgbà tí ó yá tí mo máa gba bẹ́líìtì dúdú, wọ́n pe olùdánwò kan láti ibòmíràn. A tò, wọ́n ní "Shomen ni rei!", ìyẹn kí a tẹríba síwájú, mo ṣe é bí mo ti ń ṣe é. Ó dá gbogbo wa dúró.

"Ta ni ìwọ tí o kò lè tẹríba?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo tẹríba. Iwájú orí mi ni mi ò lè fi kanlẹ̀."

"Ṣé Mẹ́kà ni o rò pé o wà ni?"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn tí a jọ ń pín omi mu ni.

Ó fi mí sí ìkẹyìn. Mo ṣe Bassai Dai, ọ̀kan nínú àwọn kata, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìjà tí a tò tí ènìyàn ń dá ṣe, mi ò ṣì í níbì kankan, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lónìí á jẹ́rìí sí i. Ó wá fi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kan kọjú sí mi fún kumite, ọkùnrin tó ga jù mí lọ tó sì ti ní bẹ́líìtì dúdú. Ọ̀gbẹ́ni náà kéde "Jodan!", mo fi age-uke, ìdábòbò òkè, gbà á, gyaku-zuki mi sì dúró sára aṣọ àyà rẹ̀. Aṣọ mì, ara kò mọ̀. Olùdánwò ní, "Ẹ̀ṣẹ́ yẹn kò lè pa eṣinṣin." Ó ní kí a bọ́ sí jiyu kumite, ìjà ìdánrawò tí kò sí ìkéde nínú rẹ̀. A jà díẹ̀, ó pe "Yame!" Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni náà tó dé.

Ètè mi là, eyín iwájú kan kán, ẹ̀jẹ̀ sì ya sára gi. Mo ń retí kí olùdánwò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyẹn ni agbára. Bóyá wàá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹríba báyìí." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fìdí rẹmi.

Olùkọ́ wa, ẹni tó gbà fún mi láti ọjọ́ kìíní, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú bẹ́líìtì dúdú ní ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí ìyá mi rí ẹnu mi, kò bi mí pé ta ló lù mí. Ó bi mí pé, "Olùkọ́ rẹ ńkọ́? Kí ló sọ?" Mi ò rí èsì fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ààfáà kò wá mọ́. Ìdílé kan tí wọ́n jẹ́ Sẹ̀lẹ́ kó àwọn ọmọ wọn kúrò. Ìjọ tó ni họ́ọ̀lù gbọ́ pé wọ́n ń fi tipátipá mú ọmọ ọlọ́mọ foríbalẹ̀ fún àwòrán, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Kò pẹ́ tí karate fi tán pátápátá lágbègbè yẹn. Ọmọdébìnrin kan wà tó kéré sí mi, ìpá rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Kò wọ gi mọ́ láyé rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju eyín mi lọ.

Olùkọ́ yẹn ti wá bẹ̀ mí lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Mo dárí jì í. Ṣùgbọ́n mi ò pè é síbi ìdánwò yín, mi ò sì ní pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo ti wá gba shodan mi, àwọn tó bi mí bí mo ṣe máa ń tẹríba, tí wọ́n mi orí, tí wọ́n sì tẹ̀síwájú nínú ìdánwò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí inú fi ń bí mi títí dòní. Olùdánwò yẹn rò pé òun ń gbèjà karate àtijọ́. Kò mọ karate àtijọ́. Anko Itosu, ẹni tó kọ́ Funakoshi, tó ṣe àwọn kata tí àwa ń pè ní Heian, kọ lẹ́tà kan ní 1908 nípa kíkọ́ karate ní ilé ìwé ní Okinawa. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé karate kò ti inú ẹ̀sìn Búdà tàbí ẹ̀kọ́ Confucius jáde. Ẹni tó mú un wọ ilé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀! Funakoshi fúnra rẹ̀ sọ pé rei, ìyẹn ìtẹríba ọ̀wọ̀, ni karate fi ń bẹ̀rẹ̀, rei ló sì fi ń parí, ó sì sọ pé kò sí ìkọlù àkọ́kọ́ nínú karate. Kata Heian márààrún, ìdábòbò ni gbogbo wọn fi ṣí. Ẹni tó lu ènìyàn lẹ́yìn "Yame" nítorí ìtẹríba ti ba rei jẹ́ nítorí rei.

Mi ò sọ pé ìtẹríba kò ṣe pàtàkì o. Ẹni méjì tó fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ sí ọ̀nà ọ̀fun ara wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ara wọn pé, "Ara rẹ wà lọ́wọ́ mi, màá tọ́jú rẹ̀." Kò sí ẹni tí mo yọ̀ǹda fún láti má sọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kanlẹ̀, kó dúró kó tẹ ìbàdí. Ẹni tí ìyẹn náà bá ni lára, kó fi ọwọ́ lé àyà, kó wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Nílé wa níbí, àwọn kan ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn kan ń tẹ̀ díẹ̀ nítorí ohun tí ìjọ wọn kọ́ wọn, àwọn ìyá wa sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀wọ̀ nínú wọn àti èyí tó jẹ́ ìgbéraga.

Ẹ lọ wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí jọ ń wọ aṣọ kan náà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, wọ́n jọ ń jó lọ síwájú ọba. A mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n a tún mọ òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1999, nínú ìlú Ṣágámù yìí, ọ̀rọ̀ Orò dá ìjà sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa, ẹ̀mí púpọ̀ lọ, ìjà náà sì ràn dé Kánò. Ẹ bi àwọn òbí yín. Wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà wa fi rí bó ṣe rí. Kò sí kíláàsì ní ọ̀sán Jímọ̀. Àwọn ọmọ Adventist tó ń ti Ìlíṣàn wá kì í ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé. Fún wọn ni mo ṣe gbé e sí ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìgbà tí àwọn onígbàgbọ́ yòókù bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ramadan, kata àti kihon, ìyẹn àwọn ìpìlẹ̀, ni ẹni tó ń gbààwẹ̀ máa ṣe, kì í ṣe kumite. Bí wọ́n bá kéde pé kí obìnrin má jáde, ilé ni èmi náà máa wà, kò sì sí kíláàsì lọ́jọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni, nítorí mi ò ní í jẹ́ kí àwọn ọkùnrin fi wá sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin méjì tí ẹ ní dúdú báyìí, ẹ ó máa jókòó níbi ìdánwò láti ìsinsìnyí lọ. Ẹ ó rí olùdánwò tó ní dan, ìyẹn ipele bẹ́líìtì dúdú, tó ju tiyín lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ẹnu rẹ̀ máa kọjá ààlà sí ọmọ tí kò lè dá a lóhùn. Ẹ má wo ilẹ̀. Kí ẹ dìde, kí ẹ pe "Yame!" sókè kí gbogbo họ́ọ̀lù gbọ́, kí ẹ sì lọ dúró láàárín òun àti ọmọ náà, kódà bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sórí àga yẹn.